Ẹgbẹ́ Tí Ọkọ Mi Jẹ́ Akọ̀wé Rẹ̀

Ẹni tó bá gbọ́ pé mo ń yin ìjọba, á rò pé wọ́n ti fún mi ní nǹkan. Wọn ò fún mi ní nǹkan kan o. Iná kò tíì dúró ní àdúgbò wa ní Ìlaròó, ọ̀nà tó lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn ṣì ń jáni ní egungun ẹ̀yìn, owó oṣù àwa tíṣà sì ń wọlé nígbà tó bá wù ú. Gbogbo èyí ni mo máa ń bú wọn fún, mi ò sì tíì jáwọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń dúpẹ́ lórí rẹ̀ bí mo bá kúnlẹ̀ láàárọ̀, kò sì sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ kí n má dárúkọ ìjọba nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni, àti ti ìyá rẹ̀, àti ti ẹ̀gẹ́.

Ọkọ mi ni máníjà ibùdó tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti ń ra ẹ̀gẹ́ ní Ọjà-Ọ̀dàn nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ yìí ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe sítáàṣì, wọ́n sì ń kó o lọ sí Èkó fún àwọn tó ń ṣe bisikí àti àwọn tó ń ṣe páálí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó gbé ẹ̀gẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ bá kó wá sórí ìwọ̀n, kí ó sanwó fún wọn, kí tírélà sì gbé e lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ méjì mìíràn náà ń ra ẹ̀gẹ́ lágbègbè wa. Ibùdó ọ̀kan wà ní Idogo, ti èkejì wà lọ́nà Ayétòrò. Ẹni tó bá jẹ́ àlejò á rò pé ńṣe ni àwọn mẹ́ta yìí á máa bá ara wọn du ẹ̀gẹ́. Rárá o. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n.

Ẹ ṣáà mọ àwa Yorùbá. Bí ènìyàn mélòó kan bá ti jókòó pọ̀, tí wọ́n tún jókòó pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹgbẹ́ ti dé nìyẹn. Wọ́n á yan alága, wọ́n á yan akọ̀wé, ẹni tó bá pẹ́ dé á san ìtánràn. Àwọn máníjà yìí àti àwọn igbákejì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní ilé oúnjẹ kan ní Ìlaròó ní ìparí oṣù. Wọ́n á fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi àdúrà parí. Láàárín àdúrà méjèèjì ni wọ́n á ti fẹnu kò sí iye kan ṣoṣo tí gbogbo wọn á máa fi ra ẹ̀gẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á sì pín àwọn abúlé mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìhà Joga-Orile jẹ́ ti ọkọ mi, ìhà Idogo jẹ́ ti ẹnì kejì, ìhà Ayétòrò jẹ́ ti alága. Tírélà ẹnì kan kò gbọdọ̀ wọ abúlé ẹlòmíì. Ọkọ mi ni akọ̀wé. Bó bá ti ìpàdé dé, á ní ìfẹ́ wà, á ní kò sí ìjà kankan, pé ẹgbẹ́ àwọn kò rí bíi ti àwọn kan tó ń fi ọ̀rọ̀ ipò fa ara wọn láṣọ ya. Inú rẹ̀ á máa dùn.

Nígbà tí ọdún kan ń parí lọ, wọ́n tẹ kàlẹ́ńdà. Mo ní wọ́n tẹ kàlẹ́ńdà! Gbogbo wọn dé fìlà kan náà, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ lórí àga, wọ́n sì kọ ipò oníkálukú sábẹ́ àwòrán rẹ̀: Alága, Akọ̀wé, Akápò. Ẹnì kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "Alábòójútó Iye Ọjà" sábẹ́ tirẹ̀. Wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri ní gbogbo ibùdó. Ọ̀kan wà ní pálọ̀ wa. Ìyá ọkọ mi gba ọ̀kan lọ sí Joga, ó gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé á ti rí ọmọ rẹ̀. Màmá ò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ akọ̀wé. Òun ló máa ń kọ́kọ́ nàka sí fún àlejò.

Àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ni Màmá fúnra rẹ̀. Orí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ti ń dáko, òun ló sì fi tọ́ ọkọ mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Ẹ̀gẹ́ níwà kan tí gbogbo wa ní Yewa mọ̀. Bó bá ṣì wà nínú ilẹ̀, kò sí wàhálà, ó lè dúró dè ọ́ títí. Àmọ́ bí o bá ti lè tu ú báyìí, kò dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, á máa rùn. Ẹni tó bá ti tu ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà á nìyẹn, àwọn tó ń rà á sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ pé kí ó tu ú, tírélà ń bọ̀ láàárọ̀. Tírélà á dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n máa sọ níbi tí ẹ̀gẹ́ bá tò sí kọ́ ni iye tí wọ́n sọ lánàá.

Bí Màmá bá fárí gá tó ní òun ò tà, tó ránṣẹ́ sí àwọn ti Idogo, àwọn ti Idogo á ní àwọn kì í ra ti ìhà ibẹ̀. Bákan náà ni àwọn ti ọ̀nà Ayétòrò á wí. Àwọn kan lábúlé tiẹ̀ bínú di ẹ̀gẹ́ wọn sínú ọkọ̀, wọ́n ń gbé e lọ sí ẹnu ààlà lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Ó jẹrà mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́nà. Ohun tí wọ́n bá fún Màmá, á padà gbà á, á sì gbé e sínú.

Ta ló ń gbé ẹ̀gẹ́ Màmá sórí ìwọ̀n? Ọmọ rẹ̀ ni. Joga ni ìpín tirẹ̀. Ọkọ mi a sì máa fi yangàn pé òun kì í ṣojúsàájú, pé iye tí òun ń san fún gbogbo ayé ni òun ń san fún ìyá òun. Màmá náà ń fi í yangàn. Lójú tirẹ̀, àwọn ọ̀gá ní Èkó ló ń fi iye ránṣẹ́, ọmọ òun kàn ń jíṣẹ́ ni. Bó bá wá kí wa ní Ìlaròó, á jókòó sí pálọ̀, abẹ́ kàlẹ́ńdà gan-an, á ṣépè fún àwọn ará Èkó tó ń fi òógùn àgbẹ̀ wẹ̀. Ọkọ mi á tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Èmi náà rò pé Èkó ni. Ìpàdé tó ń lọ, mo rò pé wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń gbàdúrà ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ìwà àwọn oníṣòwò ya wọ ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n mú ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ dání. Obìnrin kan ló ṣáájú àwọn tó wá sọ́dọ̀ ọkọ mi, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó gba fóònù rẹ̀, ó gba kọ̀ǹpútà, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó jókòó sójú kan. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó rí kàlẹ́ńdà. Ó dúró, ó kà á látòkè délẹ̀. Ọkọ mi rí i pé ó ń wò ó. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó ní, "Ó ṣẹ́kù, mà. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ọ̀kan." Ó tún fi ọ̀kan lé e fún ọ̀gá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Nígbà tó délé tó sọ ọ́ fún mi, ẹnu mi ò lè padé. Mo ní, "Dádì, ẹ fún wọn ní kàlẹ́ńdà?"

Ó ní, "Àlejò ṣáà ni wọ́n."

Ẹ̀rín pa mí, ẹ̀rù sì bà mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ dájú pé ọkọ mi kò mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe lòdì sófin. Olè kì í fi àwòrán ara rẹ̀ ta ọlọ́pàá lọ́rẹ. Ó rò pé ìṣọ̀kan ni. Ó rò pé ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe náà ni wọ́n ń ṣe.

Obìnrin yẹn ti là á yé e kí wọ́n tó lọ, òun náà wá ń là á yé mi lórí oúnjẹ tí kò lè jẹ. Ó ní òfin wà tó sọ pé àwọn tó ń ra nǹkan kan náà tàbí tó ń ta nǹkan kan náà kò gbọdọ̀ panu pọ̀ dá iye lé e, wọn ò sì gbọdọ̀ pín oníbàárà láàárín ara wọn bí ẹran iléyá. Ó ní tẹ́lẹ̀, bí ọwọ́ bá tẹ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìjọba á bu ìtánràn lé e, ilé-iṣẹ́ á san án bí ẹni ra omi inú ọ̀rá, àwọn ọ̀gá á sì padà sẹ́nu ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìjọba ti wá rí i pé ìyẹn ò dùn wọ́n. Ẹni tó jókòó sí ìpàdé tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye, òun gan-an ni wọ́n ń wá báyìí. Wọn ò lè ti ilé-iṣẹ́ mọ́ ẹ̀wọ̀n. Ènìyàn ni wọ́n lè tì mọ́bẹ̀.

Ó ní ilẹ̀kùn kan ló ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tó sọ gbogbo bó ṣe rí láìfi ọ̀kan pa mọ́, ìjọba ò ní gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹni àkọ́kọ́ nìkan. Ẹni kejì ti pẹ́ dé. Gbogbo wọn ni wọ́n sọ èyí fún ní ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo ní, "Kí lẹ wá jókòó síbí ń ṣe?"

Ó ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ilé-iṣẹ́ wọn rán lọ́yà wá láti Èkó. Ọkọ̀ tó gbé e wá gùn ju ilé wa lọ. Ó ní kí ọkọ mi pa ẹnu rẹ̀ mọ́, pé ilé-iṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá. Èmi tí ẹnu mi kì í dúró, mo bi í pé, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹ ń gbẹjọ́ rò fún? Ilé-iṣẹ́ ni àbí ọkọ mi?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn rárá. Bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan náà, èwo nínú wọn ló máa sùn lẹ́wọ̀n? Mo bi í bẹ́ẹ̀ náà. Ó kó ìwé rẹ̀, ó ní òun ní ìpàdé.

Alága náà pe ọkọ mi. Alága yìí ló gbàdúrà lórí àbíkẹ́yìn wa níbi ìkómọ. Ó ní, "Àbúrò, má dà wá o." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ọkọ mi kò lè sùn, kò lè jẹun. Ṣòkòtò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ nídìí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú sí i, mo ní ṣé alága ló máa bá mi tọ́ ọmọ ni. Ẹ̀wọ̀n! Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ yẹn á ṣàdédé wá sí mi lọ́kàn, mà á gbàgbé ohun tí mo ń kọ sára bọ́ọ̀dù. Ìgbàkígbà tí fóònù bá dún, mà á rò pé ẹnì kan nínú wọn ti lọ ṣáájú.

Ọjọ́ tí mo fi ìbínú sunkún níwájú rẹ̀ ló tó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní kì í ṣe alága. Ó ní bí òun bá lọ sọ gbogbo rẹ̀, ìjọba á wá sí Joga wá bi àwọn àgbẹ̀ léèrè, Màmá á sì gbọ́. Ó ní, "Mo lè farada ẹ̀wọ̀n. Mi ò mọ bí mo ṣe máa farada ojú Màmá."

Ẹ ò rí i bí ọkùnrin ṣe máa ń ṣírò nǹkan? Bó bá dé ẹ̀wọ̀n, ṣé Màmá ò ní gbọ́ ni? Àmọ́ àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, "Nígbà náà, Màmá lẹ máa kọ́kọ́ sọ fún. Ọ̀la. Mo ń bá yín lọ."

Ilé-ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi, nítorí náà a tètè jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a gun ọ̀kadà lọ sí Joga. Màmá wà lẹ́yìnkùlé lórí àpótí, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ fi ṣe fùfú. Ó rí wa, ó ní, "Ìyàwó mi, kí ló dé? Ta ló kú?" Ọkọ mi kò jẹ́ kí n dáhùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èèpo ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láti ìdọ̀bálẹ̀. Ó sọ ti ìpàdé. Ó sọ ti bí wọ́n ṣe ń dá iye. Ó sọ ti bí wọ́n ṣe pín abúlé, pé ìdí tí àwọn ti Idogo kò fi rà á lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó sọ ti ẹ̀wọ̀n, àti ti ẹni àkọ́kọ́.

Màmá ṣì ń bẹ ẹ̀gẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀bẹ dúró.

Ó ní, "Ìwọ?"

"Èmi, Màmá."

"Ìwọ àti ta?"

"Àwọn tó wà nínú kàlẹ́ńdà."

Màmá dìde. Ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ó dúró síwájú kàlẹ́ńdà yẹn, ó kẹ̀yìn sí wa. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé á ya á. Mo rò pé á sunkún tàbí kí ó ṣépè, mo sì ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bẹ̀ ẹ́. Kò ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ó jáde wá, ó bu omi fọ ọwọ́, ó nu ún sídìí ìró rẹ̀.

Ó ní, "Àwọn yòókù náà mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n máa dá sí?"

Ọkọ mi ní, "Gbogbo wa ni wọ́n sọ ọ́ fún."

"O wá dùbúlẹ̀ síbí!" Igbe yẹn ta mí nídìí. "Dìde! Ọ̀rọ̀ tèmi pẹ̀lú rẹ ń bẹ nílẹ̀, a ó sọ ọ́ bí o bá ti bọ́. Ìyàwó mi, bá mi mú ìborùn mi wá."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé Ayétòrò, a sì wọ bọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta. Màmá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Bí ọkùnrin yẹn bá dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ báyìí, Màmá á ní, "Dẹ́rẹ́bà, ṣé wọ́n so ọkọ̀ yìí mọ́lẹ̀ ni?" Ó fẹ́ gbé èrò kan lẹ́bàá ọ̀nà, Màmá ní òun máa san ti ẹni yẹn, kí ó ṣáà máa lọ. Èèpo ẹ̀gẹ́ ṣì wà lára ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi. Mo ń fi ọwọ́ gbọn ọ́n kúrò níkọ̀ọ̀kan, mo ń gbàdúrà.

A wọ ọgbà ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ọkọ̀ alága. Mo ní ó ti parí, ó ti ṣáájú wa, ọkọ mi ti lọ nìyẹn. Ọkọ mi náà dúró lójú kan, ó ń wo ọkọ̀ yẹn. Alága fúnra rẹ̀ jókòó sí àga ẹ̀yìn nínú ọkọ̀, òun àti lọ́yà tiwọn, wọ́n yí gíláàsì sílẹ̀ nítorí ooru.

Màmá ní, "Ṣé alága yín kọ́ nìyẹn?" Àwòrán ló fi mọ̀ ọ́n. Kí n tó dì í mú, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. "Ẹ kú ìjókòó o."

Alága fò sókè díẹ̀. "Ẹ… ẹ káàbọ̀, mà."

"Ṣé ẹ ti wọlé lọ bá wọn ni, àbí ẹ ṣì fẹ́ wọlé?"

Alága wo lọ́yà. Lọ́yà ní àwọn ṣì ń rò ó.

Màmá ní, "Ó dáa. Ẹ máa rò ó. Ẹ jẹ́ kí àwa kọjá." Ó ki ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni mú ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ sílé-ìwé, ó wọ́ ọ wọlé.

Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ yẹn gan-an la bá nínú. Ó fún Màmá ní àga, ó fún wa ní omi. Ó ní ẹnikẹ́ni kò tíì wá. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, mo fi iwájú orí lé tábìlì, mi ò sì gbé e fún ìgbà díẹ̀. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ń sọ, obìnrin náà ń kọ, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan sì ń gbà á sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ó ń lọ geere títí ó fi dé ibi tí obìnrin náà ti béèrè pé ta ni ìyà yìí jẹ, ṣé ó lè dárúkọ ẹnì kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà.

Ọkọ mi la ẹnu. Ó pa á dé. Ó wolẹ̀.

Màmá ní, "Èmi ni."

Obìnrin náà yíjú sí i. Ó rò pé ó kàn tẹ̀ lé wa wá ni. "Ẹ ní kí ni, Màmá?"

"Mo ní èmi ni àgbẹ̀ tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ìhà Joga ni oko mi wà, òun ló ń wọn ẹ̀gẹ́ mi. Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi. Èmi náà ni mo bí i. Kọ ìyẹn náà mọ́ ọn." Ó wá yíjú sí ọkọ mi. "Máa sọ tìrẹ lọ. Má wo ojú mi."

Obìnrin yẹn gbé kálàmù sílẹ̀. Ó ń wo Màmá. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi ń sunkún ní tèmi, mi ò sì tijú. Ọkọ mi nu ojú rẹ̀, ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ìgbà tí a máa jáde, òòrùn ti ń lọ, ọkọ̀ alága kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n rò ó, wọ́n rò ó, wọ́n padà lọ sílé láìwọlé.

Ìjọba mú ọ̀rọ̀ wọn ṣẹ. Wọn ò gbé ọkọ mi lọ sílé ẹjọ́ àfi láti jẹ́rìí. Alága àti ẹni ti Idogo lọ sẹ́wọ̀n. Mi ò yọ̀ wọ́n. Mo ṣì máa ń rántí bí alága ṣe gbé ọmọ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, ó sì máa ń dùn mí. Ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta san ìtánràn, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Lọ́yà tó ní ọ̀kan náà ni ọkọ mi àti ilé-iṣẹ́ kò tún gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ yẹn pè láti sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí, Màmá ránṣẹ́ pe ọkọ mi sí Joga. Ó ní kí èmi dúró síta. Ọ̀rọ̀ tó ní ó ń bẹ nílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì ni wọ́n wọlé lọ sọ. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ, mi ò sì béèrè. Nígbà tí ọkọ mi jáde, ojú rẹ̀ pọ́n koko. Màmá tẹ̀ lé e jáde, ó gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà ló ti ń bá ìyá rẹ̀ dáko. Kò rọrùn. Owó oṣù mi ló ń gbé ilé fún ìgbà pípẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì bó kí ó tó le. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ń sun oorun. Ó ń jẹun. Àwọn ọmọ mi ń rí bàbá wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, ilé wa ni wọ́n ti ń rí i, kì í ṣe pé mo ń kó wọn lọ kí i lẹ́yìn irin. Nítorí èyí ni mo ṣe máa ń dúpẹ́. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn tó sọ òótọ́ fún ẹni tó wá mú, mo tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba tó ṣe òfin tó fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀. Kí wọ́n wá tún ọ̀nà Ọjà-Ọ̀dàn ṣe báyìí.

Nǹkan ti yàtọ̀ ní Joga. Tírélà ti Idogo ń wọlé, ti ọ̀nà Ayétòrò ń wọlé, àwọn tuntun kan náà tún ti dé. Iye ẹnu wọn kò dọ́gba. Màmá kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan igi ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo títí wọ́n á fi nájà tán. Bí wọn ò bá fẹ́, kí wọ́n máa lọ, ẹ̀gẹ́ ṣì wà nínú ilẹ̀.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, mo wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú tírélà, ó kí Màmá, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Màmá ní, "Ọmọ mi ni kí o bá sọ̀rọ̀." Ọkọ mi yíjú wò ó bíi pé kò gbọ́ ọ dáadáa. Màmá ní, "Ṣebí ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́." Ọkọ mi dìde. Háà, ó nájà! Bí ọkùnrin yẹn bá sọ ti ọ̀nà tí kò dáa, ó ti mọ èsì rẹ̀. Bó bá ní omi pọ̀ jù nínú ẹ̀gẹ́, ó mọ ìyẹn náà. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, títí òógùn fi bo ọkùnrin náà, ó sì gbà. Ó wá ń wo ọkọ mi láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ṣe iṣẹ́ wa yìí rí ni?"

Màmá ló dáhùn láti orí àpótí rẹ̀.

Ó ní, "Ó ti bá yín ṣe é rí. Èmi ló ń bá ṣe é báyìí."